Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ elédè púpọ̀ ní Jos: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, lọ́yà. Jos ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá mi ti wá. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi, Berom, Afizere àti Anaguta tí wọ́n ka ara wọn sí ọmọ ìbílẹ̀ Jos, àti Igbo, fẹ́ dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún ìdọ́gba àti ìlàjà. Àwọn kan ní ká má gba Hausa àti Fulani mọ́ra, àwọn kan ní ká tètè lọ rẹ́jísítà kí owó lè máa wọlé. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ n mú èyí tó le jù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Hausa àti Fulani yẹn. Tẹ́ ẹ bá yọ wọ́n sílẹ̀, ẹ lè jọ máa ṣe pátì, ẹ lè jọ máa sìnkú, àmọ́ ẹ má pè é ní ìlàjà, torí ta lẹ fẹ́ bá parí ìjà nígbà náà? Ní January 2010 àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n pa ní Kuru Karama, abúlé kan nítòsí Jos, nígbà tó máa fi di March Berom ni wọ́n pa ní Dogo Nahawa, abúlé mìíràn nítòsí ibẹ̀. Ká má tíì wá sọ ti 2001 àti ti 2008, èyí tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbò ìjọba ìbílẹ̀ Jos North. Kò sílé tí òkú ò wọ̀.

Ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí ni pé ní Jos, kò sẹ́ni tí kì í pe ara ẹ̀ ní ẹni kékeré. Berom á ní àwọn ò tó nǹkan láàrin àríwá, ẹ̀rù ilẹ̀ ń bà wọ́n. Hausa tí wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí Jos á ní wọn ò fún òun ní sátífíkéètì ọmọ ìbílẹ̀, ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń jẹ́rìí pé ọmọ ibẹ̀ lèèyàn. Àwa Yorùbá náà, bá a ṣe pọ̀ tó nílé, tá a bá ti dé ọ̀hún àlejò ni wá, kódà ẹni tí ò mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Torí náà kẹ́ ẹ tó kọ òfin ẹgbẹ́, ẹ ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù sílẹ̀, kí wọ́n kà á sókè, kẹ́nikẹ́ni má dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Láàrin 2013 sí 2014 ìjíròrò kan wáyé tí wọ́n pè ní Jos Forum, Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú Berom, Afizere, Anaguta, Hausa, Fulani, Igbo àtàwọn ará South-South. Ẹ wá àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ rí, ẹ bi wọ́n ohun tó fẹ́ tú u ká.

Ọ̀rọ̀ sátífíkéètì yẹn, ẹ rọra. Ìwé òfin 1999 fúnra ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sọ́tùn-ún sósì: abala 42 ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yà ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀, abala 147 tún ní mínísítà tí wọ́n máa mú láti ìpínlẹ̀ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Abala 15 tiẹ̀ ní kí ìjọba máa ti irú ẹgbẹ́ yín lẹ́yìn, ẹgbẹ́ tó pa ẹ̀yà àti ẹ̀sìn pọ̀, ó sì ní kí ọmọ Nàìjíríà lè gbé ibi tó bá wù ú lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, àmọ́ orí kejì ló wà, ilé ẹjọ́ ò lè fipá mú ìjọba ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fi “ẹ fagi lé sátífíkéètì” bẹ̀rẹ̀, Berom á dìde kúrò nípàdé, mi ò sì ní bá wọn wí. Owó ilé ẹ̀kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, pé ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ tó lọ síléèwé níbẹ̀ kó san iye kan náà pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó ní sátífíkéètì. Ìyẹn ò gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Rẹ́jísítà ò le tó bẹ́ ẹ ṣe rò, CAC náà ni, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ CAMA 2020, òfin tó ń darí iṣẹ́ yẹn, ẹ máa yan àwọn trustee, ìyẹn àwọn tó máa dúró fún ẹgbẹ́ lójú òfin, ẹ máa polówó nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹni tó bá ní àtakò ní ọjọ́ 28. Ẹ má ki “National” bọ orúkọ ẹgbẹ́ láìgbàṣẹ o, wọ́n á dá a padà. Àmọ́ ẹ kọ mẹ́ta yìí sínú òfin yín ná: ipò alága á máa yí káàkiri ẹ̀yà, ẹni méjì tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ ló máa fọwọ́ sí sọ̀wédowó, ohun tó bá kan ẹ̀yà kan gbọ̀ngbọ̀n, ẹ ò ní dìbò borí wọn. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí òṣèlú kan fún ní bọ́ọ̀sì nígbà ìbò, kí oṣù tó parí kò sẹ́ni tó gba alága gbọ́ mọ́. Iná bọ́ọ̀sì yẹn ò sì tàn pàápàá.

Ibi ìpàdé náà ń kọ́? Látìgbà ìjà 2001 àdúgbò ti pín sí méjì, ti Mùsùlùmí àti ti Kristẹni, ẹni tó ń bọ̀ láti Angwan Rogo tí Mùsùlùmí pọ̀ sí àti ẹni Jenta Adamu tí Kristẹni pọ̀ sí ò lè kàn jọ jókòó síbi tó bá ṣáà ti wù wọ́n. Ẹ wá ibi tí kálukú lè ti délé kí ilẹ̀ tó ṣú, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà ara yín, torí ọjọ́ tí àgbọ́sọ bá gbòde pé wọ́n ti ń pa wọ́n lápá ọ̀hún, ẹni tó wà lápá ọ̀hún lẹ máa pè. Ní ti ìpàdé àkọ́kọ́, èèyàn méjìlá tó, ẹ má gbé báńà kọ́ rárá.