Ǹjẹ́ ìgbóná ara ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìsoríkọ́?

Ó ní í ṣe, àmọ́ ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ara gbígbóná ló ń fa ìsoríkọ́. Ìwádìí kan tí Yunifásítì California, San Francisco, gbé jáde lọ́dún 2024, tí àwọn tó lé ní 20,000 láti orílẹ̀-èdè 106 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé bí ìsoríkọ́ ṣe ń le sí i ni ara ń gbóná sí i. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé èèyàn ò lè fọwọ́ kan iwájú orí kó mọ̀ ọ́n.

Tó bá di alẹ́, ara máa ń tú ooru jáde gba àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ kí oorun tó lè gbé èèyàn lọ. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ìsoríkọ́, ooru inú ara kì í fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ lóru.

Tí ẹ ò bá rí oorun sùn, ẹ fi omi tó gbóná tó 40°C wẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ní wákàtí kan sí méjì ṣáájú oorun. Ẹ̀jẹ̀ á ya wá sí awọ ara, ooru á bá a jáde, inú ara á sì tutù. Tẹ́ ẹ bá wẹ̀ tán tẹ́ ẹ sùn lójú ẹsẹ̀, ara ò tíì tutù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ pa oògùn tì o.

Tó bá sì jẹ́ òtútù ló ń mú yín ṣáá, ẹ ní kí dókítà yẹ thyroid yín wò, ìyẹn ẹṣẹ́ kan tó wà ní ọrùn. Tí kò bá ṣiṣẹ́ tó, ó lè fa òtútù àti ìsoríkọ́ pa pọ̀.