Màmá mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà: báwo ni kí n ṣe tò ó fún wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ti pé ọdún 74, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Ìlọrin ni wọ́n ń gbé. Ojú fóònù ti kéré jù fún wọn. Mo fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fún wọn tí mo bá wálé láti Manchester, kí wọ́n lè máa rí àwọn ọmọ-ọmọ wọn, kí wọ́n sì máa ka ìròyìn. Kí ni kí n ṣe tí kò fi ní sú wọn?

Ìdáhùn: Láptọ́ọ̀pù dára, torí bí wọ́n bá mú iná lọ, kò ní kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Tòkunbọ̀ náà ò burú, àmọ́ ẹ rí i pé SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tó ń mú kí ẹ̀rọ yára) ló wà nínú rẹ̀. Àgbà tó tẹ nǹkan tí ẹ̀rọ ò tètè dáhùn á tún un tẹ̀ títí, nǹkan mẹ́rin á ṣí pọ̀, ẹ̀rù á sì bà wọ́n. Kó jẹ́ èyí tó lè gbé Windows 11, nítorí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

Yíyọ nǹkan kúrò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. WhatsApp, ìwé ìròyìn tí wọ́n fẹ́ràn àti àwòrán ẹbí ti tó lójú ẹ̀rọ. Ẹ fún wọn ní account tí kì í ṣe ti administrator (ẹni tó láṣẹ láti yí ètò ẹ̀rọ padà). Nínú Chrome, ẹ ti ilẹ̀kùn notification (ìfitónilétí tí àwọn ojúlé ayélujára ń fi ránṣẹ́) pa. Ibẹ̀ ni àwọn gbájú-ẹ̀ ti ń pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé.

Ohun tí àwọn ọmọ kì í kíyè sí ni touchpad, ojú pẹlẹbẹ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù tí a fi ń darí ọfà. Bí màmá bá ń tẹ ọ̀rọ̀, àtẹ́lẹwọ́ wọn á kàn án, ọfà á fò lọ, lẹ́tà á bọ́ sáàárín gbólóhùn tí wọ́n ti kọ tán. Wọ́n á rò pé àwọn ló bà á jẹ́. Ẹ ra màúùsì, kẹ́ ẹ lọ sí Settings, Bluetooth & devices, Touchpad, kẹ́ ẹ yọ àmì tó wà níwájú Leave touchpad on when a mouse is connected. Tí ìka wọn bá ń gbọ̀n, ẹ dín eré double-click (títẹ màúùsì lẹ́ẹ̀mejì léraléra) kù. Àwọn fúnra wọn ni kó sọ bí Text size ṣe máa tóbi tó.

Ẹ tan Metered connection (ètò tó ń dín dátà tí ẹ̀rọ ń lò kù), kí update má baà jẹ dátà wọn tán. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ṣí WhatsApp orí fóònù náà, torí bí ọjọ́ 14 bá kọjá láìṣí i, ti kọ̀ǹpútà á já.

Bẹ́ ẹ bá ń kọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba màúùsì lọ́wọ́ wọn, bó ti wù kó pẹ́ tó. Kí wọ́n fi bírò kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé bó ṣe yé wọn. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nóòtì.

Tẹ́ ẹ bá padà sí Manchester, Quick Assist, ètò kan nínú Windows, á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ojú ẹ̀rọ wọn. Ẹ̀yin lẹ máa ka kóòdù tó bá yọ lójú ẹ̀rọ yín fún wọn lórí fóònù, àwọn á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ bí ẹlòmíràn bá pè wọ́n pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ì báà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì, kí wọ́n pa fóònù náà, kí wọ́n sì pè yín.