Ṣé ó dáa kí fọkanáísà fi impact gun (ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ tàbí iná yí nọ́ọ̀tì) dè nọ́ọ̀tì táyà parí?

Rárá, impact gun wà fún títú nọ́ọ̀tì àti fún kó tètè wọlé ni, torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára tí wọ́n fi ń dè é) ló yẹ kí wọ́n fi parí ẹ̀. Impact gun ò mọ ibi tó yẹ kó dúró, tó bá ti dè é jù, bóòtù á nà tàbí kó já, ẹ ṣáà ti rí àwọn tí táyà wọn jò lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n gun orí sípánà tí nọ́ọ̀tì ò tiẹ̀ mì. Ti Corolla, nǹkan bí 103 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń de nọ́ọ̀tì) ni, ti jíìpù sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé mọ́tò yín ni kẹ́ ẹ wò.

Ẹ má dè wọ́n tẹ̀lé ara wọn yíká o, tẹ́ ẹ bá dè ọ̀kan, èyí tó dojú kọ ọ́ ló kàn. Tí torque wrench bá ti dún kọ́, ẹ dúró, ẹ má fà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má sì fi tú nọ́ọ̀tì, ó máa ń bà á jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ dá a padà sí nọ́ńbà tó kéré jù lórí ẹ̀ (èyí tó ní ọwọ́ atọ́ka ò nílò ìyẹn).

Sọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú tó nípọn ni ti impact gun, èyí tó ń dán yẹn lè fọ́ kó fò síni lójú, ẹ wọ gọ́gù. Tẹ́ ẹ bá sì ti rìn tó 80 sí 100 kìlómítà, bíi Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn, ẹ tún nọ́ọ̀tì yẹn yẹ̀ wò.