Asẹ́ mẹ́ńbírénì mi ń dí, oje ápù mi sì tún ń rú nínú ìgò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oje ápù ni mò ń fún, mo sì fẹ́ kó mọ́ gaara. Mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo asẹ́ mẹ́ńbírénì, irú tí wọ́n ń pè ní ultrafiltration. Ní ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, oje á máa dà wàrà. Kó tó pé wákàtí kan, á ti máa kán tó, tó, tó. Mo fi kún agbára pọ́ǹpù, kàkà kó sàn, ṣe ló burú sí i. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé oje tó mọ́ tí mo rọ sínú ìgò tún rú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni kò kan. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Mi ò rò pé asẹ́ yín ló ní àléébù. Iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí nínú táǹkì lẹ ń dì lé e lórí.

Pectin, èròjà kan tó wà nínú èso, lọ̀gá nínú ohun tó ń mú oje ápù rú. Òun náà ló ń mú kí jáàmù dì, òun ni kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀rún èso sílẹ̀ kí oje tòrò. Ihò ara asẹ́ yín kò ju nǹkan bíi 0.01 sí 0.1 micron lọ (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), pectin kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ojú asẹ́ ló ń tò sí, títí yóò fi di awọ tó ń yọ̀. Ẹ wá fi pọ́ǹpù tì í: awọ náà tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki sí i, ọ̀nà sì dí. Ìdí nìyẹn tí agbára kò fi gbà yín.

Kí ẹ tó sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí pectinase, ẹ́ńsáìmù tó ń gé pectin, kọ́kọ́ gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ mú oje lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé 45 sí 50°C, ẹ da ẹ́ńsáìmù náà sí i níwọ̀n tí àwọn tó ṣe é kọ sí ara rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní wákàtí kan sí méjì. Bí àwọn ápù kan nínú rẹ̀ kò bá tíì pọ́n, sítáàṣì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ́ńsáìmù mìíràn, amylase, ló ń gé ìyẹn, àmọ́ sítáàṣì tí iná kò tíì rà kì í gbọ́ tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé oje náà kọjá 80°C, kó tútù padà sí 50°C, kí ẹ tó da ẹ́ńsáìmù méjèèjì sí i.

Àwọn kan á wo aago, wọ́n á ní wákàtí méjì ti pé. Aago kò mọ ohun tó wà nínú táǹkì. Ẹ bu oje díẹ̀, ẹ da ethanol alágbára tí ẹ ti kán ásíìdì sí mọ́ ọn ní ìlọ́po méjì, ẹ rọra yí i po, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí nǹkan bíi kèlẹ̀bẹ̀ bá léfòó, pectin ṣì kù nìyẹn. Ẹ kán áyódíìnì sí oje mìíràn tó ti tutù: bí àwọ̀ rẹ̀ bá di búlúù, sítáàṣì ṣì wà. (Ẹ da èyí tẹ́ ẹ fi dán an wò nù, ẹ má tọ́ ọ wò.)

Lórí ẹ̀rọ, oje gbọ́dọ̀ máa sáré gba ojú asẹ́ kọjá bí odò tó ń gbá iyanrìn lọ, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ máa já sí òdìkejì. Bó bá ti ń lọ́ra, ìyára yẹn ni kí ẹ fi kún, kí ẹ sì dín ìtẹ̀ kù. Bí ẹ bá ṣíwọ́, ẹ fi omi ṣàn án, lẹ́yìn náà kọ́sítíìkì sódà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Asẹ́ séráámíìkì gbà á dáadáa, ti cellulose acetate kò gbà á, ẹ ka ìwé tiyín. Kí ẹ tún wọn bí omi lásán ṣe ń yára kọjá nígbà tí asẹ́ ṣì wà ní tuntun. Bí kò bá padà sí ìwọ̀n yẹn lẹ́yìn fífọ̀, kò tíì mọ́.

Ti inú ìgò ńkọ́? Polyphenol nìyẹn, èròjà inú èso tó ń mú kí oje máa fún ẹnu pọ̀. Ó kéré ju ihò asẹ́ lọ, nítorí náà ó bá oje mímọ́ kọjá wọ́ọ́rọ́. Nínú ìgò ló ti ń so mọ́ra wọn àti mọ́ purotéènì tó ṣẹ́ kù, títí wọn yóò fi tóbi tó ohun tí ojú lè rí. Afẹ́fẹ́ àti ooru ń mú kó yá. Kò sí bí ẹ ṣe lè yí asẹ́ padà tó máa mú un. Bentonite (irú amọ̀ kan) àti gelatin (purotéènì kan) ni kí ẹ lò nínú táǹkì, tàbí PVPP, ìyẹ̀fun kan tó ń fa polyphenol mọ́ra, kí ẹ tó sẹ́ oje. Ẹ má sì torí pé asẹ́ ń dá bakitéríà dúró kí ẹ pa gbígbé oje kaná tì, torí páìpù àti ìgò lè kó kòkòrò padà sínú rẹ̀.

Kí ẹ tó rọ gbogbo rẹ̀ sínú ìgò lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìgò kan, ẹ gbé e dé 80°C, ẹ gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Bó bá rú, èyí tó kù náà máa rú. Ẹ dá a padà sínú táǹkì.