Èsì: Yírùnyírùn tí kò padà wá lọ́dún kejì

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní nínú àwòṣe ìṣirò yín, yírùnyírùn jà lọ́dún kìíní, kò sì padà wá lọ́dún kejì. Beta yín, ìyẹn bí àrùn náà ṣe ń yára ràn tó, ló dúró sójú kan. Ẹ jẹ́ kó máa bá àsìkò yí: β(t) = β₀(1 + ε cos(2πt/52)). β₀ ni ìpíndọ́gba beta, ε ni bó ṣe ń gòkè sọ̀kalẹ̀ tó, t ni iye ọ̀sẹ̀; 52 ni mo fi pín in torí ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni dátà Kano yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ t láti oṣù kẹta, ìgbà tí ooru àti eruku ń jà.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá díẹ̀ nínú àwọn tó ti gbádùn padà sínú S, ìyẹn agbo àwọn tí àrùn ṣì lè mú. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ni sankarau (bí àwọn Hausa ṣe ń pe yírùnyírùn) fẹ́ rí mú lọ́dún kejì?

Dátà ọlọ́dún púpọ̀ nìkan ni mò ń bá wí o. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo, ẹ má fọwọ́ kan beta.

Àwọn tó gbé kòkòrò náà sọ́fun tí ara wọn dá ṣáṣá ńkọ́? Wọ́n pọ̀ ju aláìsàn lọ fíìfíì. Èmi gbàgbé wọn nígbà kan. Ẹ̀rín ni ọ̀gá mi fi èsì mi rín.