Èsì: kernel Linux 4.14 (ọkàn ètò tó ń darí fóònù) tó kọ̀ láti bíldì
Bọ̀dá mi, àṣìṣe ‘multiple definition of yylloc’ (ìyẹn ni pé orúkọ yylloc wà níbi tó ju ẹyọ kan lọ) tẹ́ ẹ ní ó ń yọ lórí kernel 4.14 fóònù yẹn, kì í ṣe ẹ̀bi yín o. Látìgbà tí GCC 10 (compiler, ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò) ti jáde ní 2020 ni àṣàyàn rẹ̀ tó ń jẹ́ -fno-common ti ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀; tẹ́lẹ̀ tí fáìlì méjì bá kéde orúkọ kan náà láìfún un ní iye, linker (ètò tó ń so àwọn fáìlì tá a ti bíldì pọ̀) á kàn pa wọ́n pọ̀ ni, ní báyìí ó ti yarí.

Ẹ yọ ìlà ‘YYLTYPE yylloc;’ kúrò nínú scripts/dtc/dtc-lexer.l, torí bison (ètò tó ń ṣe parser, ìyẹn kóòdù tó ń tú fáìlì palẹ̀) ti ṣe tiẹ̀ sínú parser. Ẹ má gbàgbé láti yọ ọ́ nínú dtc-lexer.lex.c_shipped náà o, torí òun gan-an ni make (ètò tó ń darí bíldì) máa ń dà kọ, ibẹ̀ ló ń há ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi -fcommon (tó ń dá ìṣe àtijọ́ padà) sí HOSTCFLAGS (àwọn àṣàyàn compiler fún irinṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fi ń bíldì), ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ àbùlẹ̀ lásán ni lójú tèmi.