“Eyín wo?”: Ohun tó ń ba ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò jẹ́ fún ọmọ tó fẹ́ di dókítà eyín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún 18, fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà eyín ní ìlú Ọba. Ó ti ṣe ìdánwò UCAT tí wọ́n fi ń yan àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà lọ́hùn-ún, yunifásítì kan sì ti kọ̀wé sí i pé kó wá ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóṣù tó ń bọ̀. Ẹnìkan ní Pánṣẹ́kẹ̀ ní òun ní ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn tí òun fẹ́ tà fún wa, kọ́mọ náà ṣáà há a sórí. Ó tún ní kó má dárúkọ àdìrẹ rárá, kó ní dùùrù lòun máa ń tẹ̀. Ṣé ká ra ìwé náà? Kí làwọn ọmọ máa ń ṣe tí wọn kì í fi gbà wọ́n? Ìyá Bùkọ́lá, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Ìyá Bùkọ́lá. Ẹ má ra ìwé náà. Ẹ fi owó rẹ̀ ra dátà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi náà jókòó níwájú àwọn olùbéèrè, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, ìtàn kan ni mo há sórí: pé eyín ń dùn mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pé dókítà eyín kan wò mí sàn, láti ọjọ́ yẹn niṣẹ́ náà sì ti wọ̀ mí lọ́kàn. Ìtàn náà dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Mo sọ ọ́ tán, màmá àgbàlagbà kan tó jókòó lápá òsì wò mí, ó ní, “Eyín wo?” Mo ní, “Ẹ̀ẹ́n?” Ó ní, “Eyín wo ló dùn ọ́? Tòkè àbí tìsàlẹ̀? Ṣé wọ́n yọ ọ́ ni, àbí wọ́n dí i?” Mo bá ń fi ahọ́n wá eyín kiri lẹ́nu ara mi bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Wọn ò gbà mí lọ́dún yẹn.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lẹ́nu ẹlòmíràn ló ń já ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀, kì í ṣe òye tó kéré. N ò dá àwọn ọmọ wa lẹ́bi. Láti WAEC dé JAMB, ìdáhùn kan ṣoṣo ló máa ń tọ̀nà láàárín A sí D. Bó bá jẹ́ yunifásítì ìjọba níbí ni, máàkì UTME, ìdánwò post-UTME àti èsì WAEC ni wọ́n sábà máa ń wò. Ọmọ lè wọlé kọ́ṣẹ́ eyín láìsí ẹni tó bi í pé kí ló dé tó fi yàn án.

Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ eyín ló ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní MMI, ìyẹn ọ̀pọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kéékèèké. Yunifásítì McMaster ní Kánádà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dípò kí ọmọ jókòó síwájú àwọn kan náà fún odindi wákàtí, á máa lọ láti ibùdó kan sí òmíràn, ìṣẹ́jú díẹ̀ níbì kọ̀ọ̀kan, ẹni ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè máa gbé e láti yàrá kan sí òmíràn lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó wà ní ibùdó kejì kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá dàrú mọ́ Bùkọ́lá lójú, kó fi í síbẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó gbé omijé ibùdó kìíní dé ìkẹrin.

Ìbéèrè tí wọn kì í fò ni pé: kí ló dé tó jẹ́ eyín, tí kì í ṣe ìṣègùn gbogbo ara? Kó má sọ pé nítorí kò sí iṣẹ́ òru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Kó má sì sọ pé òun fẹ́ràn láti máa ran èèyàn lọ́wọ́. Ọlọ́pàá náà á sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ ni pé ẹni tó wá ìdí àìsàn náà ló sábà ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, nígbà mìíràn láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ojú aláìsàn sì là sílẹ̀ kedere, ẹ̀rù ń bà á, kò sì lè sọ̀rọ̀ torí ọwọ́ wa wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tó bá ti jókòó ní kílíníìkì fún ọjọ́ mẹ́ta á ti fojú rí èyí. Bí Bùkọ́lá kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ kọ̀wé sí ẹ̀ka eyín ní ilé ìwòsàn ìjọba lọ́sẹ̀ yìí. Ibẹ̀ náà ni kó ti béèrè nípa noma, àrùn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti èrìgì ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ kánú, tí á sì jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nàìjíríà ló ṣáájú nínú bíbẹ àjọ WHO kó fi í sára àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a pa tì, wọ́n sì fi í kún un ní December 2023. Wọ́n lè bi í pé ìṣòro wo ló ń bá ìtọ́jú eyín fínra. Ẹni tó bá mọ ti ilé rẹ̀ yóò dáhùn dáadáa ju ẹni tó há ọ̀rọ̀ NHS, ètò ìlera ìjọba ìlú Ọba, sórí lọ.

Ọ̀rọ̀ àdìrẹ ló bí mi nínú jù. Ẹni tó ní kọ́mọ purọ́ dùùrù kò mọ ohun tí àwọn olùbéèrè ń wá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ wa. Inú ihò tí kò tó orí ìṣáná la ti ń ṣe é, inú dígí kékeré la sì ti ń wo ẹ̀yìn eyín òkè, tọ́wọ́ á máa lọ síwájú tójú á sì máa rí i bí ẹni pé ẹ̀yìn ló ń lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ohun tọ́mọ ń fọwọ́ ṣe. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan tilẹ̀ máa ń gbé wáyà lé ọmọ lọ́wọ́ kó tẹ̀ ẹ́ bá àwòrán mu.

Bí Bùkọ́lá bá ti máa ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Pé láfún tí wọ́n sè ni ẹ̀kọ yẹn, ìyẹ́ adìyẹ lòun sì fi ń yà á. Pé bó bá ki jù kì í tẹ̀lé ìyẹ́, bó bá sì ṣàn jù aró á wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Pé bí ọwọ́ bá gbọ̀n lórí aṣọ, kò sí rọ́bà tó ń pa á rẹ́. Àfi kéèyàn wá ọgbọ́n dá sí i kó di ara àwòrán. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á gbé kálámù sílẹ̀. Kó kàn má fẹ̀ ẹ́ lójú jù, bí ẹni pé àdìrẹ ti sọ òun di dókítà eyín tán. Kó ní òun mọ bó ṣe ń rí kéèyàn tẹ orí ba sórí iṣẹ́ kékeré láti àárọ̀ dọ̀sán.

Ibùdó kan tún wà tí wọ́n máa ń fi òṣèré sí. Àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọmọ ni pé: o ti fi mọ́tò tẹ ológbò aládùúgbò rẹ pa, lọ sọ fún un. Àwọn ọmọ wa á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ológbò kẹ̀! Lọ́hùn-ún, ọmọ ilé ni ológbò. Òmíràn á sáré ní, “Mo máa ra òmíràn fún yín,” òṣèré náà á bú sẹ́kún, ọmọ á wá máa wòkè. Ẹ rán Bùkọ́lá létí bí àwọn àgbà ṣe ń túfọ̀. Wọn kì í já a lu èèyàn. Wọ́n á ní kó jókòó ná, wọ́n á sọ̀rọ̀ náà láìfi bò, wọ́n á sì dákẹ́ kó sunkún. Ọ̀nà kan náà la ń gbà sọ fún aláìsàn pé eyín iwájú rẹ̀ kò ṣeé gbà là mọ́. Ogún ilé rẹ̀ ni, kó má gbà á gbọ́ pé inú ìwé Òyìnbó nìkan ló wà.

Àṣìṣe tó burú jù tí mo gbọ́ kò jọ àṣìṣe létí ẹni tó ń sọ ọ́. Ọmọ kan tí mo bá gbára dì ń ròyìn ohun tó rí ní kílíníìkì. Ó dárúkọ ọjà tí aláìsàn náà ti ń tajà, ó dárúkọ ohun tó ń tà, ó tún fi àìsàn mìíràn tó ń ṣe é kún un. Kò dárúkọ ìyá náà o. Ṣùgbọ́n kó tó mí, èmi ti mọ ẹni náà, mo tiẹ̀ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. “Màmá kan tó lé lọ́gọ́ta ọdún” tó. General Dental Council, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ eyín ní ìlú Ọba, gbé ìlànà mẹ́sàn-án jáde ní 2013. Ire aláìsàn ni wọ́n fi ṣáájú, àṣírí rẹ̀ sì wà lára wọn. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni kó kà dípò ìwé Pánṣẹ́kẹ̀.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. A ti kọ́ ọmọ yín pé kó má wo ojú àgbà. Lọ́jọ́ yẹn kó wo kámẹ́rà, nítorí ẹni tó ń wolẹ̀ lójú wọn jọ ẹni tó ń ka nǹkan lábẹ́ tábìlì. Kó wá ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò dé. Láti ìparí oṣù kẹwàá sí ìparí oṣù kẹta, aago mẹ́wàá wọn ni aago mọ́kànlá wa. Lẹ́yìn ìyẹn, aago wa á di ọ̀kan náà, ẹni tí kò bá mọ̀ á pẹ́ ní wákàtí kan gbáko.

Lálẹ́ òní, bí ẹ bá ti jẹun tán, ẹ bi í ní èyí: ọmọbìnrin ọdún 16 kan dá wá sí kílíníìkì rẹ, ó ní kó o rẹ́ eyín iwájú òun kóun lè ní èjí. Ẹ̀yin àti èmi mọ̀ pé èjí dára lójú wa. Ṣùgbọ́n ìpele líle tó bo eyín lóde kì í hù padà bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ, ọmọ náà kò sì bá òbí wá. Ẹ má dá a lóhùn. Bó bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Bó bá ní “rárá” lójú ẹsẹ̀, ẹ ní, “Kí ló dé tí o kò kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ ẹ?” Kó tún un sọ lọ́la, lọ́nà mìíràn, kó má jọ ti àná.